Ṣé Ó Dúró? Ibùdó Rélùwéè Ìkìrun àti Ìyá Àgbà Mi

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, mo lọ kí ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ní Ìkìrun. Wọ́n ti mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, a wá gbé àga jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń fi abẹ̀bẹ̀ lé ẹ̀fọn. Ẹnu ọ̀rọ̀ la wà tí fèrè kan fi dún láti apá Òṣogbo. Kì í ṣe fèrè mọ́tò. Ó gùn, ó rinlẹ̀, adìyẹ tó ti wọ̀ sórí igi ta jí. Ìyá àgbà fi abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè. Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ, fàkàfíkì, fàkàfíkì, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ń gbọ̀n. Ó dé ọ̀gangan wa, ó kọjá, ó forí lé apá Òkúkù, ohùn rẹ̀ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku igbe ọ̀pọ̀lọ́ nìkan.

"Ṣé ó dúró?"

Mo ní, "Rárá, mà. Ọkọ̀ ẹrù ni. Ó kọjá ni."

"Ẹn-ẹ́n." Wọ́n mú abẹ̀bẹ̀ wọn, wọn ò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi wọlé sùn.

Ní Oṣù Kejìlá 2012, kó tó di ọjọ́ yẹn, ni ọkọ̀ akérò tún bẹ̀rẹ̀ sí í rin láti Èkó dé Kánò lẹ́yìn tó ti dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Rédíò ń sọ ọ́, èmi náà ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé rélùwéè ti jí. Ìyá àgbà nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn tó béèrè ohun tó kan ìlú bíi tiwa. Bí ọkọ̀ bá ń rin ìrìn ẹgbẹ̀rún kìlómítà, tí kò dúró lọ́dọ̀ rẹ, ariwo rẹ̀ nìkan lo jẹ nínú rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ Ìkìrun, kó kọ́kọ́ dé Òṣogbo, kó wá kọrí sí àríwá. Ìkìrun Àgúnbé, onílẹ̀ obì, ìlú Akìrun. Tí ẹ bá ti ibẹ̀ lọ síwájú, ẹ ó kan Òkúkù, ẹ ó kan Ọ̀fà, kí ẹ tó forí lé Ìlọrin. Nílé wa, tí ènìyàn bá sọ pé òun ń lọ sí tẹ́ṣàn, ti rélùwéè ni. Tó bá jẹ́ ti ọlọ́pàá ni, á dárúkọ ọlọ́pàá mọ́ ọn kí ọkàn ará ilé lè balẹ̀ tàbí kó má balẹ̀.

Ní 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, nígbà tó fi máa di 1909, ó ti wà ní Jẹ́bà létí odò Ọya. Àárín Òṣogbo àti Jẹ́bà yẹn ló ti gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá. Wọn ò là á nítorí wa. Òwú, ekuro, epo pupa, kòkó àti ẹ̀pà òkè ọya ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè kó o dé etíkun, kó wọ ọkọ̀ òkun. Kò yẹ ká bo èyí mọ́lẹ̀ nítorí pé a fẹ́ràn fèrè ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí irin ti wà nílẹ̀ tán, àwọn ìyá wa fi ṣe ohun tí kò sí nínú ìwé ìjọba.

Ohun kan wà tí mo máa ń rò nípa àkókò yẹn. Ní 1878, ìtòsí Ìkìrun ni ogun Ìbàdàn ti ko ogun Ìlọrin àti àwọn tó gbè wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tí apá kò ká a mọ́, àwọn ará Ìlọrin sá gba odò Ọ̀tìn, ọ̀pọ̀ wọn sì bá omi lọ. Ibẹ̀ la ti rí orúkọ Ogun Jálumi. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún lọ́jọ́ náà kò tíì lé ní àádọ́ta púpọ̀ nígbà tí rélùwéè dé. Ojú tó rí ẹṣin ogun ni ojú tó rí ẹ́ńjìnnì eléèéfín. Apá àríwá yẹn, tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ dá forí lé láìsí ọmọ ogun lẹ́yìn rẹ̀, ni obìnrin wá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ, káàdì líle kékeré tí kò tó ìka méjì ní fífẹ̀, tó sì ń fi ẹrù rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí sùn lójú ọ̀nà. Láàárín ọgbọ̀n ọdún! Bí mo bá ronú kan ibẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ.

Kí ló wá dé tí ọkọ̀ fi ń dúró ní ìlú tí kò tó Òṣogbo, tí kò tó Ìlọrin? Mo ti máa ń rò pé àánú ni, tàbí pé olówó kan ló bẹ̀bẹ̀. Bàbá kan tó ṣe gáàdì lórí rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ni wọ́n là mí lójú. Wọ́n jókòó sórí àpótí níwájú ilé wọn, wọ́n yọ igi ìṣáná, wọ́n tò wọ́n sórí ilẹ̀.

"Ojú irin kan péré ló wà. Ṣé o rí i? Èyí ń bọ̀ láti Kánò. Èyí ń lọ láti Èkó. Ta ni yóò yà fún ta?"

Mo ní mi ò mọ̀, sà.

Wọ́n fi igi ìṣáná kẹta sí ẹ̀gbẹ́ àwọn yòókù. "Inú tẹ́ṣàn ni wọ́n ti ń yà."

Ibùdó kọ̀ọ̀kan ní irin kejì tí ọkọ̀ kan á yà sí, tí á dúró, kí èkejì tó kọjá. Kò sí awakọ̀ tó gbọ́dọ̀ kúrò ní ibùdó láìgba àmì àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá tẹ́ṣàn, irin kékeré kan tí wọ́n so mọ́ òrùka ńlá kí ó lè ṣeé gbà mú. Nínú àwọn àmì tó wà fún àárín ibùdó méjì, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ń jẹ́ kó jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ọ̀nà. Ẹni tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, bó jẹ́ gómìnà ló gbé, kó jókòó. Bàbá gbé apá wọn sókè, wọ́n fi hàn mí bí awakọ̀ ṣe ń na ọwọ́ síta gba òrùka náà bí ọkọ̀ ti ń rọra yí lọ, apá wọn sì wà lókè bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán.

Nítorí náà, Ìkìrun, Òkúkù àti àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ ni ibi tí gbogbo ọ̀nà náà ti ń mí. Àìsí wọn ni kí ọkọ̀ forí gbárí. Ìdúró yẹn, tí àwọn tó la irin ṣètò kí ọkọ̀ má baà pa ènìyàn, ni àwọn obìnrin wa sọ di ọjà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó lè di ogún, ó lè di wákàtí kan bí èyí tó ń bọ̀ bá pẹ́. Màmá mi sọ pé ojú fèrèsé ọkọ̀ ni káńtà. Ẹlẹ́kọ, alákàrà, ẹlẹ́yin, ọlọ́sàn, ọmọdé tó gbé kẹ́tùrù omi tútù lé orí, gbogbo wọn á tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó ń lọ sí Kàdúná á na kọ́bọ̀ síta, á gba àkàrà mẹ́fà. Ará Ìrágbìjí àti àwọn ìlú tí rélùwéè kò yà sí ń fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wá wọ ọkọ̀ níbẹ̀, àwọn náà á sì rí nǹkan jẹ.

Obì ni ti ìyá àgbà. Kì í ṣe obì àbàtà tí a fi ń ṣe ìsọmọlórúkọ, gbànja ni, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní góró. Òkè ọya ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ oúnjẹ, igi rẹ̀ kò sì fẹ́ hù lọ́dọ̀ wọn. Mo ti bá ìyá àgbà ṣe é ní ìsinmi ilé ìwé. A ó là á kúrò nínú èèpo rẹ̀, a ó rẹ ẹ́ kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rà, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó dà á sínú apẹ̀rẹ̀ kó làágùn. Lẹ́yìn náà ni ṣíṣà: èyí tí kòkòrò ti lu, èyí tó ní ojú dúdú, èyí tó kéré jù, kálukú sí ààyè rẹ̀. Obì kò fẹ́ gbígbẹ, kò sì fẹ́ gbígbóná. Ìyá àgbà á tẹ́ ewé tútù sí inú apẹ̀rẹ̀ yíká, wọ́n á to obì sí i, wọ́n á tún fi ewé bò ó, wọ́n á ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n fi ń wò ó, bí a ti ń wo iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Bí ó bá ti ń gbóná, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi tú gbogbo rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ ẹ, tí wọ́n tún un tò.

Aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n máa ń so mọ́ etí apẹ̀rẹ̀. Àmì wọn nìyẹn. Oníbàárà wọn ní Kánò kò mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n bí wágùnù, yàrá ẹrù ọkọ̀ náà, bá ṣí, aṣọ pupa ni á wá. Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ bá ń padà bọ̀, kì í padà lófìfo. Àlùbọ́sà á wà nínú rẹ̀, tàbí ẹ̀wà, owó á sì tẹ̀lé e láti ọwọ́ ẹni tí wọ́n jọ fọkàn tán. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún tó ju ogún lọ. Wọn ò fojú kan ara wọn ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.

Ìyá àgbà rántí 1945 dáadáa. Ọmọdébìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n nígbà náà. Ọdún yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà nítorí pé nǹkan ti wọ́n nígbà ogun Hitler tí owó oṣù kò sì kúrò lójú kan. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè lábẹ́ Michael Imoudu wà lára àwọn tó ṣíwájú. Ìyanṣẹ́lódì náà lé ní oṣù kan. Ìyá àgbà kì í pe Imoudu lórúkọ. "Ìgbà tí rélùwéè sùn" ni wọ́n ń pe ìyanṣẹ́lódì náà. Wọ́n ní òórùn obì tó ń rà gba gbogbo àdúgbò tẹ́ṣàn. Mo bi wọ́n bóyá inú bí wọn sí àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ní rárá, ẹni tí ebi ń pa ló dúró, ó sì padà wá.

Èyí tó wá sùn lẹ́yìn ìgbà náà ni kò tètè padà. Kì í ṣe ọjọ́ kan ló kú. Ọ̀nà ọ̀dà ń pọ̀ sí i, ọkọ̀ akẹ́rù ń wọ inú oko lọ bá àgbẹ̀, owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, gbogbo ojú sì yí sí títì. Irin tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ń dípẹtà, ẹ́ńjìnnì ń bàjẹ́, owó àtúnṣe kò tó. Ní 1964, ènìyàn tó wọ rélùwéè ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 11. Ní 2003, kò tó mílíọ̀nù 2. Bí a bá ka ìwọ̀nyí, a ó rò pé àwọn èrò ló sá lọ. Lójú tèmi, ìlú kékeré ni a kọ́kọ́ sá lọ́dọ̀ wọn. Ọkọ̀ tó ń dúró lójoojúmọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó di ìgbà tó bá wù ú. Oníṣòwò obì kò lè fi gbànja dúró de ìgbà tó bá wù ú.

Àbúrò màmá mi ló gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó sì gbé e lé ọkọ̀ akẹ́rù. Ní ọdún kan, ọkọ̀ tí wọ́n gbà dákú ní ìtòsí Jẹ́bà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wá ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì, tapólì wà lórí ẹrù, oòrùn òkè ọya wà lórí tapólì. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ooru tó jáde nínú rẹ̀ mú kí ọmọ ọkọ̀ fà sẹ́yìn. Owó ọmọ mẹ́rin ní ilé ìwé ló wà níbẹ̀. Ìyá àgbà ò bá a wí. Wọ́n kàn bi í pé, "Ṣé kò sẹ́ni tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà?"

Mo lọ sí tẹ́ṣàn ní Iléyá tó kọjá, èmi àti màmá mi. Ìyá àgbà ti ṣípò padà ní ọdún 2016. Òjò ọjọ́ tó ṣáájú ti mú kí koríko tó wà láàárín irin ga dé orúnkún. Ẹnì kan sá èlùbọ́ sórí símẹ́ńtì ibi tí èrò ti ń dúró, ó fi òkúta tẹ etí àpò rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Ewúrẹ́ méjì sùn sí ibi ìbòji. Màmá mi ní kí n wo irin fúnra rẹ̀: òkè rẹ̀ kò dán, ó ti pọ́n bí ilẹ̀. Irin tí ọkọ̀ ń gbà máa ń dán bí ojú abẹ, wọ́n ní, kódà ní òru, òṣùpá á máa sáré lórí rẹ̀.

Mi ò gbà pé ó ti tán. Ní Oṣù Kẹfà 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, irin tó fẹ̀, tó sì yá. Mo ti wọ̀ ọ́, inú mi dùn sí i tọkàntọkàn. Mọ́níyà ní Ìbàdàn ló parí sí. Láti ibẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa, irin àtijọ́ yẹn náà ló ṣì wà. Ní Oṣù Kẹta 2023, wọ́n tún òfin ilẹ̀ wa ṣe, rélùwéè kúrò ní ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan ní àṣẹ lé lórí. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà lè ṣe é báyìí. Èkó ti ń fi hàn wá bó ṣe lè rí: ọkọ̀ Red Line tí wọ́n ṣí ní Oṣù Kejì 2024 ń rìn láàárín Agbádo àti Òyìngbò lórí irin tuntun kan náà tí ọkọ̀ Ìbàdàn ń gbà. Ẹni méjì lè lo irin kan bí wọ́n bá mọ bí a ti ń yà fún ara ẹni. Bàbá onígi ìṣáná ti wí bẹ́ẹ̀.

Àwa ní Ọ̀ṣun kò sì ṣàì mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ ń kó àwọn ọmọ Ọ̀ṣun láti Èkó wá sílé nígbà Iléyá àti Kérésìmesì. Mo rí àwọn èrò náà ní Òṣogbo lọ́dún kan, àgbò wà, ọmọ wẹ́wẹ́ wà, ìyá arúgbó kan ń jó láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá lè gba ọkọ̀ fún ọdún ẹ̀ẹ̀mejì, ó lè gbà á fún ọjọ́ ọjà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Bí ọkọ̀ asáré Kánò bá tún padà, mi ò ní kó wá máa dúró fún ẹni tó fẹ́ ra ẹyin. Kó máa sáré rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ kejì ni mo fẹ́, kóòṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin àti wágùnù kan tó ní ihò afẹ́fẹ́, láti Ọ̀fà sí Òkúkù sí Ìkìrun sí Òṣogbo títí dé Ìbàdàn. Kó máa dúró ní gbogbo ibùdó, kó sì ní àkókò tí ènìyàn lè fọkàn sí. Àkókò yìí ni mo rò pé ó ṣòro jù, ó ṣòro ju irin lọ. Alátà lè fara da ọkọ̀ tó lọ́ra. Kò lè fara da ọkọ̀ tí kò mọ̀ bóyá yóò dé.

Àwọn kan ń dábàá pé ká sọ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ di ilé ìrántí. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Mo ti wọ Jaekel House ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, ilé òṣìṣẹ́ àgbà rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí wọ́n tún ṣe ní 2010, tí wọ́n kó àwòrán àti irinṣẹ́ àtijọ́ sí. Mo pẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ti pète lọ. Ṣùgbọ́n ilé yẹn wà ní Èkó tí ọkọ̀ ń rìn. Tiwa ní Ìkìrun, mi ò fẹ́ kí a gbé e sínú gíláàsì nígbà tí obì ṣì ń so.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, màmá mi bọ́ sílẹ̀ láti orí símẹ́ńtì. Mo ní kí wọ́n rọra, pé ejò lè wà. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá nǹkan nínú koríko, wọ́n rìn lọ sí apá Òkúkù bí ìgbésẹ̀ ogójì, wọ́n padà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n dúró.

"Ibí ni. Ibí ni ẹnu wágùnù obì máa ń wà. A kì í wá a kiri. Awakọ̀ mọ̀ ọ́n, àwa náà mọ̀ ọ́n."

Wọ́n ní kí n gbé òkúta kan wá. Mo gbé e wá. Wọ́n gbé e sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ wọn wà, wọ́n tẹ koríko yíká rẹ̀ kó lè hàn. Ẹni tó sá èlùbọ́ ti dé láti kó o, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe.

Màmá mi ní, "Ibi tí a ó ti máa di ẹrù ni mo fi hàn án."